Èèkàn Tí Mo Yí Nípò ní Òkókómáíkò

Okùn ni adájọ́ ní kí wọ́n fi pa mí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó ń kí aládùúgbò pé ẹ káàárọ̀. Ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti wà nínú yàrá kékeré yìí, tí mo ń gbọ́ ìró bàtà wọ́dà ní ìta, tí mo sì ń fetí sí i bóyá ẹnu ọ̀nà tèmi ni yóò dúró sí. Mo kọ ìwé yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá lè kà á, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kiri bí èmi náà ti wá a.

Kí n má purọ́ fún yín, àrùn tó gbé mi dé ibí kò tíì fi mí sílẹ̀. Bí ẹni tí a jọ wà nínú yàrá bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, n ó máa rò pé ó ń fi ikọ́ ránṣẹ́ sí ẹnìkan ni. Bí wọ́dà bá bu ẹ̀wà fún mi ju ti àná lọ, n ó bi ara mi pé kí ló dé tó fi ń ṣojú àánú sí mi. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò kọjá ìwọ̀n a máa pa ènìyàn, èmi yìí sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn àbúrò rẹ̀ sì gba ilé mọ́ èmi àti ìyá mi lọ́wọ́. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi búra pé n kò ní tẹ agboolé wa mọ́. Ìyànà Ìbà ni mo bọ́ sí nígbà tí mo dé Èkó. Mo ru búlọ́ọ̀kù, mo po kọnkéré, kí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ọ̀nà márosẹ̀ tuntun tó gbà mí síṣẹ́. Ọ̀nà ńlá ni, tí yóò gba àárín Ọ̀jọ́ kọjá lọ sí ìlú mìíràn, tí àwọn ọlọ́kọ̀ yóò sì máa san owó ibodè ní tóógéètì kí wọ́n tó gbà á.

Èmi ni mo ń kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Sọfíyọ̀ yóò máa wo inú ẹ̀rọ rẹ̀, Délé yóò di ọ̀pá ìwọ̀n mú níwájú, èmi yóò sì fi òòlù kan èèkàn síbi tí wọ́n bá nawọ́ sí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ń kun ọ̀dà pupa yóò tẹ̀lé wa. Àwọn wọ̀nyí kì í gbé ẹ̀rọ. Èèkàn ni wọ́n ń wò. Ilé tí èèkàn bá ti gbé mì, wọn a kọ nọ́ńbà pupa sára rẹ̀, katakátá yóò sì wá wó o tó bá yá.

Délé yìí ni mo pa. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa retí ẹlòmíràn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ẹni pẹ̀lẹ́, tó máa ń fi ẹ̀rín dáhùn ọ̀rọ̀ tó yẹ kó bí i nínú. Yàrá kan ni a jọ ń gbé lẹ́yìn ẹ́sítéètì Ìbà. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń ka ọ̀pá ìwọ̀n, òun náà ló tọ́jú mi nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣadé ní Òkókómáíkò. Opó ni màmá yìí, ó ń ta aṣọ òkìrìkà, ará Ìṣẹ́yìn bíi tèmi sì ni. Ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé náà tán ni ó kú. Ṣadé, ọmọ rẹ̀, ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí dé ibi pé mo ń ya ṣòkòtò mi fúnra mi kí n lè rí nǹkan gbé lọ fún un láti rán. Ní ọjọ́ tí a wọn àdúgbò náà, èèkàn bọ́ sí àárín ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an. A fi àmì sí i, Ọ̀gá àti Délé sì ti lọ síwájú, nígbà tí màmá náà fà mí lápá.

"Ọmọ mi, ṣé ibí yìí náà lo fẹ́ kan nǹkan yẹn mọ́?"

"Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé opó ni mí. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Sún un díẹ̀, kó ṣá ti kúrò lára ilé mi. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọ̀gá mi máa mọ̀."

"Ọ̀gá ẹ ti lọ. Ọwọ́ ẹ ni òòlù wà." Ó bojú wẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti ń rí bó o ṣe ń wo Ṣadé, mi ò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wó ilé yìí, ibo la ti máa ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́? Ìwọ náà ò tiẹ̀ tíì sọ ẹni tó máa wá tọrọ ẹ̀ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dé egungun, nítorí òótọ́ ni. Ta ni yóò bá mi wá? Bàbá kò sí, àwọn ẹbí sì ti di ọ̀tá. Mo kan èèkàn náà síbi tí ẹ̀rọ ní kí n kàn án sí, mo sì bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo padà lọ. Mo fà á tu, mo sì tún un kàn ní ìta ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kékeré tí yóò gbé ọkọ̀ bọ́ sí tóógéètì ni yóò gba ibẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín. Bí a bá fà á ní ọ̀tún, òsì ni yóò jìyà rẹ̀. Mo rékọjá sí òdìkejì, mo fa èèkàn ibẹ̀ náà tu, mo sì kàn án sínú ọgbà ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Kò gbà mí ju bí ènìyàn ti ń jẹ búrẹ́dì kan lọ. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá Màmá Ṣadé mọ̀ pé orí aládùúgbò rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Mo fura pé ó mọ̀.

Aládùúgbò náà ni Bàbá Tíṣà, ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìwé Yorùbá ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ, àwọn ará àdúgbò a sì máa gbé lẹ́tà wá kí ó bá wọn kọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́dà dé, wọ́n kọ nọ́ńbà pupa sára yàrá iwájú rẹ̀, níbi tí àwọn ìwé rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ kejì ó dúró de Ọ̀gá Sọfíyọ̀ lójú títì, tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá, èèkàn yín wà ní ìta fẹ́ǹsì mi. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Báwo ló ṣe wọlé?"

"Bàbá, èèkàn kì í rìn."

"Ohun témi náà ń wí nìyẹn. Kì í rìn. Ẹnìkan ló gbé e. Màá kọ̀wé."

Ó wò mí bó ti ń sọ ọ́. Àbí n kò mọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òòlù ọwọ́ mi ló ń wò. Ìgbà náà ni àyà mi kọ́kọ́ já, kò sì padà sípò mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan rí, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Bí Ọ̀gá bá pè mí, n ó rò pé wọ́n ti mọ̀. Bí kò bá pè mí, n ó rò pé wọ́n ti mọ̀ dájú. Mo rí i pé bí àṣírí bá tú, iṣẹ́ lọ, ẹ̀wọ̀n dé, Ṣadé sì di ti ẹlòmíràn.

Délé ni mo wá dojú ìfura mi kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ síbì kan lẹ́yìn iṣẹ́. Bí mo bá bi í, á ní òun lọ na ẹsẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń fọ aṣọ, ó kàn bi mí láì gbójú sókè:

"Kí lorúkọ bàbá ẹ gan-an? Èyí tí wọ́n ń pè é nílé."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn ń bi ọ́ ni jàre. Agboolé yín ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo ti sọ fún un kí n tó ronú. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí ẹní tí mo ń rò ó. Ta ló ń béèrè orúkọ bàbá ènìyàn àti agboolé rẹ̀? Ọlọ́pàá ni. Ọlọ́pàá àti ẹni tó ń kọ ẹ̀sùn.

Ní ọjọ́ kejì mo tẹ̀lé e. Ilé Bàbá Tíṣà ló yà sí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, mo sì yọjú lójú fèrèsé. Bàbá jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé, Délé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó sì ń pe nǹkan fún un. Orúkọ mi ni ó ń pè. Ó pe orúkọ mi, ó pe ti bàbá mi, ó pe agboolé wa ní Ìṣẹ́yìn. Bàbá Tíṣà mirí, ó ní, "Sọ fún mi, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dá ọ lójú?" Délé ní, "Ó dá mi lójú, sà. Ìṣojú mi ló ti ń ṣe é." N kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé: òwe tí mo ń wí lẹ́nu nìkan tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí mo ń jẹ, tí mo ń mu.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí ó bá ṣe ni mo ń kà sí ibi. Mo rí i tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣadé. Ṣadé rí mi, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sáré wọlé.

"Kí ni Délé wá ṣe?" mo bi í.

"Lọ bi ọ̀rẹ́ ẹ," ó ní, kò sì lè wò mí lójú.

Mo ní wọ́n ti ta mí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọmọbìnrin lè fọwọ́ bo ẹnu nítorí ayọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá sọ fún wa pé ní àárọ̀ Sátidé a óò tún gbogbo ìlà Òkókómáíkò wọ̀n, nítorí àwọn onílé ń ké. Bí a ti ń padà sílé, Délé gbá mi léjìká.

"Sátidé yìí, tá a bá ti kúrò níbi iṣẹ́, má lọ síbì kankan o. Kí o sì wọ aṣọ tó dáa."

"Nítorí kí ni?"

"Fara balẹ̀. Tó bá di Sátidé, wàá gbọ́."

Mo wo ẹ̀rín ẹnu rẹ̀, mo sì sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí burú, ó fẹ́ kí n wọṣọ tó dáa kí wọ́n tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́rú, mo rí àpòòwé kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí mo nawọ́ sí i, ó gbà á padà, ó sì fi pamọ́ sí àyà ẹ̀wù rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìbínú òjijì ló ṣe é. Lọ́yà mi fẹ́ kí n wí bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, n kò sì gbà. Mo ti rò ó láti ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, òjò ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ sáré lọ sábẹ́ àwọn típà. Mo sọ fún Délé pé èèkàn kan ti yẹ̀ nínú gọ́tà ńlá tí wọ́n ń gbẹ́, kí ó wá bá mi wò ó. Ó tẹ̀lé mi láìjanpata. Òòlù wà lọ́wọ́ mi, kò sì jẹ́ ohun àjèjì, nítorí ojoojúmọ́ ló ń wà níbẹ̀.

"Kí ló wà nínú àpòòwé yẹn, Délé?"

"O ò ní sùúrù. Ọjọ́ méjì péré ló kù."

"Orúkọ mi wà nínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló tú àṣírí fún ẹ? Ṣadé ni, àbí? Mo sọ fún ọmọ yẹn kó pa ẹnu mọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá èèkàn tí kò sí níbẹ̀. "Èwo ló yẹ̀ gan-an? Mi ò rí i."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí mi. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìyá rẹ̀ wà láyé, ẹnìkan sì lè ka ìwé yìí sí i létí. Mo yọ àpòòwé náà kúrò ní àyà rẹ̀, mo sì da yẹ̀pẹ̀ etí gọ́tà lé e lórí. Nígbà tí òjò dá, mo sọ fún Ọ̀gá pé ó ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó gbà mí gbọ́.

Inú yàrá wa ni mo ti ṣí ìwé náà. Ọwọ́ Bàbá Tíṣà ni, ó gún régé, kò fi àmì ohùn kankan sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀sùn. Ìwé ìtọrọ ìyàwó ni, irú èyí tí àbúrò ìyàwó máa ń kà sókè níwájú ẹbí tí gbogbo ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá kò tilẹ̀ kọ ti òdòdó inú ọgbà tí gbogbo ayé ń kọ. Ohun tí ó kọ nìyí:

"Sí ẹbí Fọláṣadé, aládùúgbò wa àtàtà. Ẹ mọ èmi tí mo kọ ìwé yìí, ojú ọ̀nà nìkan ló là wá láàárín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ẹ̀yin náà mọ̀. Bàbá rẹ̀ ti sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n dúró ní ipò bàbá fún un, mo sì ti gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé èèkàn tí ó bá kàn kì í yẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí ó bá kọ́ yóò rí. Nítorí náà a wá tọrọ ọmọ yín."

Orúkọ mi, orúkọ bàbá mi àti agboolé wa wà nísàlẹ̀, kò sí lẹ́tà kan tó ṣìnà. Délé ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo kà á títí ojú mi fi ṣú. Mo sunkún débi pé onílé kan ìlẹ̀kùn, ó bi mí pé ta ló kú.

Ní àárọ̀ Sátidé mo lọ síbi iṣẹ́, nítorí bí n kò bá lọ wọn yóò fura. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ilé Màmá Ṣadé. Ó wò ó, ó kígbe mọ́ àwọn awakọ̀ katakátá. "Ẹ tún ti fi katakátá ti èèkàn yìí! Ojoojúmọ́ ni! Ẹ tún ti sún ti òdìkejì náà!" Ó yíjú sí mi, ó ní kí n dá wọn padà. Ó tán. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó bẹ Bàbá Tíṣà, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa nọ́ńbà ara ilé rẹ̀ rẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún èèkàn náà kàn sáàárín ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣadé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ní ọ̀sán, ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn yàrá mi. Bàbá Tíṣà ni. Ó wọ agbádá aṣọ òkè, ó dé fìlà, lọ́fínńdà sì ń ta lára rẹ̀.

"Ọmọ mi, o ò tíì múra? Wọ́n ti ń dúró dè wá. Délé dà? Òun ló mú ìwé wa dání."

"Ó ti lọ sí Abẹ́òkúta, sà."

"Lónìí? Délé tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ̀ mí nítorí òní?"

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìrọ̀rí mi, ó sì rí àpòòwé náà. Ó mú un. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sí igun rẹ̀. Bàbá jókòó sórí ẹní Délé, tòun ti agbádá.

"Ọmọ mi," ó ní, "níbo ni Délé wà?"

Bó ti pè mí lọ́mọ ló ká mi lára. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti òòlù, ti gọ́tà, àti ti èèkàn tí mo gbé wọ ọgbà tirẹ̀. Kò lù mí, kò bú mi. Ó di ọwọ́ mi mú, a sì fẹsẹ̀ rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó wọ aṣọ ìdána, èmi wọ ẹ̀wù iṣẹ́.

Ní kóòtù, akọ̀wé ka lẹ́tà náà sókè gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn oògùn. Ṣadé wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe tọrọ rẹ̀. Ìyá Délé náà wà níbẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò lára mi. Nígbà tí wọ́n bi Bàbá Tíṣà pé kí ni ó jẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó ní, "Mo ti fọwọ́ síwèé pé bàbá rẹ̀ ni mí." Ó sì sọ ohun tí mo sọ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́, kò fi ọ̀kan kún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń rò. Ẹ ń rò pé ẹ̀yin kò lè pa ènìyàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí mo fa èèkàn tu. Ohun tí kò tó nǹkan ni mo ṣe, ẹ̀bẹ̀ kan lásán ì bá sì tó o. Ṣùgbọ́n mo fi pamọ́, ó sì sọ gbogbo ojú tó ń wò mí di ojú ọ̀tá. Bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ lọ sọ, kí ẹ gba ìyà tó kéré. Bí ọkàn yín bá sì ń sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ yín ń gbẹ́ kòtò dè yín, ẹ má lọ lúgọ sójú fèrèsé. Ẹ pè é jókòó lọ́sàn-án gangan, kí ẹ bi í, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bi í, ẹ kọ́kọ́ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Èmi kò gbé tèmi sílẹ̀.